Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Sínú Ọkọ̀ ní Yèjì

Nígbà tí èmi ṣì kéré ní Àbóàbó, ní Kùmásí níbí, omi tó pọ̀ jù tí ojú mi ti rí ni èyí tó máa ń dúró sínú gọ́tà wa bí òjò bá dá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn mọ gọ́tà tí mò ń wí. Ibẹ̀ la ti ń wa ọkọ̀ bébà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fà wá létí wọlé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní a ń lọ sí Yèjì lápá àríwá, níbi tí adágún ńlá ti gba ilẹ̀ lọ títí tí ojú ò fi lè rí òdìkejì, ẹ̀rù ti bà mí kí n tó mọ ohun tó yẹ kó bà mí.

Wọ́n ní a fẹ́ lọ kí Bàbá Yèjì ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń ta ẹja yíyan níbẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Màámi fi di gbogbo aṣọ mi, títí kan jalamíà tí mo fi ń lọ ilé kéú, tí tirẹ̀ ò sì ju ìró kan lọ? Bàbá Yèjì ò bímọ. Ní ayé ìgbà yẹn, wọn kì í bi ọmọdé bóyá ó fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ẹbí. Wọ́n á kàn fà ọ́ lé wọn lọ́wọ́ ni, o ò sì ní mọ̀ àfìgbà tí lọ́rì bá lọ tán. Mo bi Màámi bóyá a jọ máa padà. Wáákyè, ìrẹsì òun ẹ̀wà, ló wà níwájú mi. Ó ní, "Jẹ wáákyè ẹ."

Múbà ọ̀rẹ́ mi, tí a gbà pé ó gbọ́n ju gbogbo wa lọ, ló fún mi nímọ̀ràn. "Chálè, tó o bá dé ibẹ̀, má dọ̀bálẹ̀ fún baba yẹn o. Dúró gbọnrangandan bí òpó iná. Ta ló fẹ́ gba ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́?" Mo kọ́ ọ sórí bí ẹni kọ́ súrà.

Bí lọ́rì ṣe já wa sétí omi, orí mi dà rú. Igi gbígbẹ ló dúró káàkiri inú omi, láìsí ewé kan. Ọkùnrin kan nínú lọ́rì wa ti sọ pé abúlé wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, pé nígbà tí ìjọba sé odò ni omi bò wọ́n. Èéfín wá gba gbogbo etí omi kan. Àwọn obìnrin ló ń yan ẹja lórí ààrò amọ̀, ṣùgbọ́n èmi gbà tọkàntọkàn pé àwọn ará ìsàlẹ̀ omi ló ń se oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n to iṣu jọ bí ẹni fẹ́ fi mọlé. Òórùn ẹja wọ̀ mí láṣọ. Hausa ní ọ̀tún, Twi ní òsì, àwọn apẹja ń sọ Ewe láàárín. Mi ò mọ èdè tí n bá fi kígbe bí mo bá ṣubú sómi.

Bàbá Yèjì wà láàárín omi, nínú ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń di ẹrù rẹ̀. Ó rán Kwàmí, atukọ̀ rẹ̀, pé kó fi ọkọ̀ kékeré gbé wa wá. Màámi gbé agbọ̀n lé itan, búrẹ́dì àti ọsàn tí a rà ní Kùmásí fún un. Kwàmí fi Twi kìlọ̀ fún wa pé ká jókòó jẹ́ẹ́. Èmi? Mo ti di ọkọ̀ mú bí aláàńgbá.

A sún mọ́ ọkọ̀ ńlá yẹn, baba náà sì gbé ẹsẹ̀ bọ́ sínú tiwa. Ojú bàbá mi gan-an ló wà lójú rẹ̀. Bàbá mi tó máa ń sọ pé, "Àyà ni wọ́n fi ń kí àgbà, kì í ṣe orúnkún," tí pàṣán rẹ̀ sì máa ń parí ọ̀rọ̀ náà fún un. Ara mi ò bi mí. Kí n tó rántí Múbà, àyà mi ti kanlẹ̀ nínú ọkọ̀: "Ẹ káàsán, Bàbá!"

Ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Agbọ̀n fò. Ọsàn ń léfòó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, búrẹ́dì ń mumi, Kwàmí ń pariwo pé, "Ei! Abofra bɛn ni?" irú ọmọ wo rèé. Omi tó dà wọlé bò mí létí. Mo rò pé mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímá bí ẹni tó ń kú lọ.

Bàbá Yèjì fi kọ́là aṣọ mi gbé mi dìde. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bá ọsàn lọ. "Nínú ọkọ̀! Ìyàwó mi, ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀! Ta ló máa jẹ́ kí eléyìí padà sí Kùmásí?"

Màámi nu ojú. Mi ò mọ̀ bóyá omi adágún ni. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá."

Nígbà tí ọjà tú, Màámi nìkan ló wọ lọ́rì.

Yèjì ni irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi. Mo yí ẹja lórí ààrò títí ojú mi fi pọ́n bí ata. Bí mo bá pẹ́ nínú omi jù, ìyàwó Bàbá á ní kí n lọ ha èédú ìdí ààrò, n ó sì jáde dúdú bí ìkòkò. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, mo kọ́ Ewe tí wọ́n fi ń búni. Àkọ́kọ́ ohun tí Bàbá Yèjì sì kọ́ mi ni pé, "Lórí omi, orí nìkan ni kó o máa tẹ̀. Gbé àyà ẹ dé èbúté."

Lónìí, mo ti padà sí Kùmásí, Krofrom ni mo ń gbé. Àwọn ọmọ tèmi kì í tẹ orí, ká má tíì sọ àyà. "Dádì, mọ́nìn," ojú wọn wà lára fóònù. Bí mo bá ní kí wọ́n lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ ẹbí, wọ́n á bi mí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, èmi baba wọn á sì máa ṣàlàyé bí ẹni ń ṣẹjọ́. Nígbà mìíràn ó ń bí mi nínú. Nígbà mìíràn mo máa ń jowú wọn. Èwo ló dáa jù? Ẹ má bi mí.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí Màámi ní Àbóàbó. Mo dọ̀bálẹ̀, orúnkún mi ké. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé ẹ máa fi mí sílẹ̀ ní Yèjì ni?"

"Èmi kẹ̀? Mo mú ọ lọ kí baba ẹ ni. Ta ló ní kó o dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀?"

"Gbogbo aṣọ mi tí ẹ dì ńkọ́?"

Ìyá mi wò mí, ó ti abọ́ sí iwájú mi. "Jẹ wáákyè ẹ."