Àtinúkẹ́ Ń Wá Ilẹ̀ Tó Dọ́gba

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Àtinúkẹ́ jẹ́, kó bá a lọ sọ́jà. Aránṣọ ni, ọmọ Sẹ́kọ́nà, ìyàwó àbúrò mi Akínwálé. Kò sí sípù tí yóò rà tí kò ní fà á lọ fà á bọ̀ títí ọlọ́jà yóò fi bẹ̀ ẹ́. Bó bá fẹ́ ra òwú, yóò kọ́kọ́ já a wò. Èmi kì í fẹ́ bá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ rìn, nítorí ẹsẹ̀ a máa ro mí, inú a sì tètè máa bí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń fi ìyàwó yangàn ní Ẹdẹ lónìí, òun ni mo fi ń yangàn, ẹni tí kò bá sì dùn mọ́ nínú, kó wá bá mi jà.

Èmi ni Deborah, àkọ́bí Baba wa. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti ṣaláìsí ni mo ti padà sílé Baba ní Òkè-Gádà, níbi tí Akínwálé àti Àtinúkẹ́ ń gbé. Àtinúkẹ́ kì í pe orúkọ mi. Ìyàwó gidi kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ló ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tí ìlẹ̀kẹ̀ ti kúrò nídìí mi.

Lọ́dún tó kọjá ni ẹsẹ̀ Akínwálé wú. Wẹ́dà ni, géètì ló ń ṣe, a sì rò pé ìdúró òòjọ́ ló ń bá a jà. Nígbà tó di pé kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, àfi kó jókòó gbára lé ògiri kó lè rí èémí mí, a gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Òṣogbo. Dókítà obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara bó ti yẹ, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dúró sí i lára. Wọ́n fún un lóògùn, omi náà fà, ara tù ú. Ọjọ́ tí a fẹ́ máa lọ sílé ni dókítà náà pe Àtinúkẹ́ àti èmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ wá síkéèlì rà sílé,” ó ní. “Láràárọ̀, bí wọ́n bá ti tọ̀ tán, kí wọ́n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, kí wọ́n gun orí ẹ̀. Bí ó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n sanra o, omi ló ń padà bọ̀ yẹn. Ẹ má dúró de kí ẹsẹ̀ wú kí ẹ tó gbé wọn wá.”

Gbólóhùn yẹn ni Àtinúkẹ́ gbé sórí délé. Ó yé e dáadáa pé ẹ̀mí ọkọ òun ti wà lórí síkéèlì, àti pé síkéèlì tó bá ń purọ́ lè pa á.

Ọ̀nà Àkọdá la gbà lọ, sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Teslim, tó ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti bàtà nọ́ọ̀sì. Mo rí i pé báàgì Àtinúkẹ́ wúwo, n kò sì bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Teslim gbé síkéèlì kan jáde tí wọ́n ya òdòdó sí lójú.

“Mọ́mì, èyí ni gbogbo àwọn obìnrin ń rà. Orijínà ni.”

Àtinúkẹ́ bọ́ bàtà, ó gùn ún, nọ́ńbà yọ. Ó sọ̀, ó tún gùn ún, nọ́ńbà kan náà ló tún yọ. Teslim ti ń wá láílọ́ọ̀nù tí yóò dì í sí. Ìgbà náà ni ìyàwó wa ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa àlùmọ́gàjí ńlá tó fi ń gé aṣọ yọ, ó gbé e dání, ó tún gun síkéèlì náà. Nọ́ńbà kò yí padà.

“Àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi ńkọ́?” ó bi Teslim.

“Ó ti dá yín mọ̀ ni, Mọ́mì. Ó ní mẹ́mórì. Bó bá ti wọn èèyàn kan tán, tí kò bá ti yàtọ̀ púpọ̀, nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn náà ló máa gbé jáde.”

“Ta ló ní kó máa rántí mi? Mo ní kó wọ̀n mí ni. Èyí tí kò bá mọ̀ pé mo gbé irin dání, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé omi ti wọ ọkọ mi lára?”

Teslim gbé òmíràn jáde. Ìyẹn kò rántí ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ rántí ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Bó ṣe ń gùn ún ni nọ́ńbà ń yí. Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró wòran. Mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo di ojú mi, kí wọ́n má baà mọ̀ pé ará ilé kan náà ni wá. Nígbà tó yá, Teslim wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó gbé síkéèlì dúdú kan wá tí eruku ti bò. Kò ní òdòdó, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Gíláàsì rẹ̀ nípọn, ó sì ní ẹsẹ̀ rọ́bà kékeré mẹ́rin lábẹ́. Àtinúkẹ́ gùn ún léraléra, ohun kan náà ló ń wí. Ó gbé àlùmọ́gàjí, nọ́ńbà gòkè díẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, nọ́ńbà sọ̀ kalẹ̀ padà sí ipò rẹ̀. Ó ní kí èmi náà wá gùn ún, mo kọ̀, nítorí n kò fẹ́ kí gbogbo ọ̀nà Àkọdá mọ ohun tí mo wọ̀n. Teslim ló gùn ún dípò mi. Owó rẹ̀ ju ti olódòdó lọ, Àtinúkẹ́ kò sì ná an rárá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á gan-an.

Àṣé ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó gbé síkéèlì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì líle, torí wọ́n ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ wà lórí kápẹ́ẹ̀tì. Àárọ̀ àkọ́kọ́ dára. Kò pẹ́ sí i, nọ́ńbà fò sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó sì sún mọ́ kílò méjì. A háyà mọ́tò, a gbé Akínwálé lọ sí Òṣogbo. Dókítà tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fetí sí àyà rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lórí tiwọn, kò rí nǹkan kan. A padà sílé. Lọ́sẹ̀ kejì, nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀, a tún lọ, a tún padà lásán.

“N kò gun nǹkan yìí mọ́,” ni Akínwálé wí lálẹ́ ọjọ́ náà. “Bí omi bá fẹ́ pa mí, kó pa mí ní jẹ́ẹ́jẹ́, láìjẹ́ pé mò ń sáré kiri bí ẹni tó jí ewúrẹ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Àtinúkẹ́ gbé síkéèlì, ó gbé àlùmọ́gàjí, ó forí lé ọ̀dọ̀ Teslim láti lọ bá a jà. Ṣùgbọ́n ó padà wálé láìjà. Ó ní bí òun ṣe gbé e sórí táìsì ṣọ́ọ̀bù Teslim báyìí, òótọ́ ló ń sọ láìyẹsẹ̀. Ó gbé ọsàn kan nínú agbọ̀n, ó gbé e sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ọsàn náà ronú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.

Akínwálé rí i, inú bí i. “Ṣé ilé Baba mi ló wá ń purọ́ báyìí?”

Mo ní kó jókòó. Ilé Baba kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Baba ló pàṣẹ fún àwọn bíríkìlà kí wọ́n da ilẹ̀ náà gẹ̀rẹ́, kí omi tó bá wọlé lè wá ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀. Mo ṣì kéré nígbà náà, mo gbọ́ bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń fi Baba ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, tí àwọn ará ilé kejì bá ń fi abọ́ gbọ́n omi, àwa a máa sùn. Iṣẹ́ tí Baba rán ilé náà ló ń jẹ́ títí di òní. Síkéèlì nìkan ni kò bá a mu: bí wọ́n bá sún un síwájú díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀, ohun tí yóò wí á yàtọ̀.

Àtinúkẹ́ mú ọsàn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo ilé ká. Ó gbé e sílẹ̀ ní yàrá wọn, ó yí. Ó gbé e sílẹ̀ ní yàrá mi, ó yí wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ilé ìdáná, ó yí lọ bá adìẹ níta. Èmi àti ọkọ rẹ̀ jókòó sí fáráńdà, à ń wò ó bó ṣe ń jáde tó ń wọlé. Níkẹyìn, ó bọ́ sí fáráńdà níbi tí a wà, ó tẹ̀ ba, ó gbé ọsàn náà sórí sàréè Baba.

Ọsàn náà dúró.

Igun fáráńdà, lábẹ́ òrùlé, ni a sin Baba sí. Èmi ni mo dúró ti ẹni tó tẹ́ táìsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Baba lo ọjọ́ ayé wọn lórí bẹ́ẹ̀dì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, wọn a sì máa bú u láràárọ̀. Mo wí fún ọkùnrin náà pé bí bàbá mi kò bá sùn lórí ohun tó dọ́gba láyé, wọn yóò sùn lórí rẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú kó tú u, kó tún un tẹ́, títí inú mi fi dùn sí i.

Àtinúkẹ́ dìde dúró, ó ń wò mí. Ìyàwó ilé wo ló máa la ẹnu pé kí ọkọ òun máa gun sàréè bàbá rẹ̀ láràárọ̀? Ó ti rí ilẹ̀ tó dọ́gba, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òun ló ni ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Ọmọ ilé ló ni ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn.

“Gbé síkéèlì wá,” mo ní.

Akínwálé fò dìde. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí n fi ẹsẹ̀ tẹ Baba láyà? Èèwọ̀ ni.”

“Ṣebí orí ibẹ̀ lo ti ń jẹ ẹ̀pà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.”

“Ìjókòó yàtọ̀ sí ìdúró.”

“Akínwálé, nígbà tí o ń kọ́ ìdúró, àyà ta lo dúró lé? Ojú mi ló ṣe. Baba á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, wọn á di ọwọ́ rẹ méjèèjì mú, ìwọ á sì máa fi ẹsẹ̀ gún wọn láyà bí ẹni ń gún iyán. Bí a bá fẹ́ gbé ọ kúrò, wọn á ní kí a fi ọmọ àwọn sílẹ̀. Nígbà tí o kò tíì lè dúró, orí wọn lo dúró lé. Nísinsìnyí tí o fẹ́ máa wà láàyè, ta ni kí o dúró lé?”

Ó bojú wo ilẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àtinúkẹ́ gbé síkéèlì náà sórí táìsì. Akínwálé bọ́ bàtà, ó ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́ o,” ó sì gùn ún. Láti ọjọ́ náà, síkéèlì kò tún rán wa lọ sí Òṣogbo lásán mọ́. Àwọn kan ládùúgbò ń rẹ́rìn-ín. Mo rí wọn. Mo sì tún rí i pé Akínwálé kì í gùn ún láì kọ́kọ́ kí Baba káàárọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni ohun tí à ń ṣọ́ dé. Nọ́ńbà gòkè díẹ̀, ó tún gòkè ní ọjọ́ kejì, nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ó ti lé kílò méjì. Ẹsẹ̀ Akínwálé kò wú, ojú rẹ̀ kò wú. Ó ń jẹun, kò wúkọ́, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́ láti lọ gbé géètì kan dúró ní Alájùé.

“Ara mi le,” ó ní. “Ẹ wò mí.”

Àtinúkẹ́ mú àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó gun síkéèlì fúnra rẹ̀, ó dán an wò bó ṣe dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ló gbé ọsàn sórí táìsì, ọsàn dúró. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é.

“Kì í ṣe ilẹ̀, kì í ṣe síkéèlì,” ó ní. “Ẹ̀yin ni, Bàbá Tóbilọ́ba. Ẹ wọ bàtà.”

Nígbà tí a dé Òṣogbo, dókítà obìnrin náà fetí sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé bí a bá fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, gbígbé la ó gbé e wọlé, kò sì dájú pé a ó mú un jáde láàyè. Ó yí oògùn rẹ̀ padà. Ó tún wo ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín náà, ó ní, “Ta ló sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wá?”

“Síkéèlì ni, Mà,” Àtinúkẹ́ dáhùn.

“Ẹ ṣe é dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń rà á, kì í sọ òótọ́ fún wọn. Orí kí lẹ gbé tiyín lé?”

Àtinúkẹ́ tún wò mí, bó ti wò mí ní fáráńdà. Mo na ara mi tán lórí àga.

“Àyà Baba wa ni,” mo ní.

Akínwálé ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà ti ń gun síkéèlì náà báyìí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá sí nítòsí. Mo sì ti wí fún àwọn ọmọ mi pé ibi yòówù kí wọ́n sin mí sí, kí wọ́n rí i pé táìsì mi dọ́gba, kí wọ́n gbé ọsàn lé e wò kí wọ́n tó sanwó fún ẹni tó tẹ́ ẹ. Ọmọ kan lè nílò ibi tí yóò dúró lé.