Àmín Tí Ó Fẹ́ Pa Mí

Dókítà eyín tí mo lọ bá nítòsí Apple Junction ti rẹ́ eyín ẹ̀yìn mi kan títí ó fi ku kùkùté. Ó ní eyín seramíìkì lòun máa fi bò ó. Mo rántí bí àwo tánganran ilé wa ní Festac ṣe máa ń fọ́, àyà mi já.

"Mo kàn fẹ́ dán an wò ni," dókítà wí. "Mi ò tíì fi símẹ́ǹtì sí i. Ẹ má sọ̀rọ̀ o."

Màmá mi jókòó tì wá. Wọn kì í rí nǹkan tuntun kí wọ́n má gbàdúrà sí i, ì báà ṣe fáànù. Bí eyín náà ṣe wọlé, wọ́n pariwo: "O ò ní fi eyín yìí jẹ ìyà lórúkọ Jésù!"

"Àmín!" Ó ti jáde kí n tó rántí.

Eyín yọ̀ lórí ahọ́n mi, ó há mi lọ́fun. Mi ò lè mí. Dókítà tẹ orí mi síwájú, ó ki ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó yọ ọ́.

Ó wá fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n deyín pọ̀ títí yóò fi gbẹ.

Màmá mi gbọ́wọ́ lé mi lórí. "O ò ní kú, yíyè ni wàá yè."

Inú bí mi. Àdúrà wo ni kò lè dúró de símẹ́ǹtì? Mo deyín pọ̀.

Wọ́n tún àdúrà náà gbà. Mi ò ṣe àmín sí i.

Ẹ̀rù tí mo rí lójú wọn nígbà náà ju ti ìgbà tí eyín há mi lọ́fun lọ.