Omi Tí Tíṣà Átọ́ọ̀mù Fẹ́ẹ́ Mu

Kò sí tíṣà tí kò ní orúkọ ìnagijẹ, àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ti Tíṣà Átọ́ọ̀mù yàtọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn àga rẹ̀ ní yàrá àwọn olùkọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì jókòó síbẹ̀. Kẹ́mísírì ló ń kọ́ àwọn tó ń lọ ṣèdánwò àṣejáde. Kì í gbé ìwé wọ kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló máa ń mú dání, bó bá sì ti ki ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ óò rò pé ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá átọ́ọ̀mù àkọ́kọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó nípa rẹ̀: a ò gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ó ṣì í. Ẹni tó bá dán an wò, ìyẹn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Ìgbà tó yá ni àrùn rọpárọsẹ̀ dé. Kò pa á, kò sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ inú orí rẹ̀, ó da ọ̀rọ̀ rú níbẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá tú àpótí aṣọ sílẹ̀. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ. Èyí tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kò dájú. Wọ́n wá ọ̀dọ́kùnrin kan dí àyè rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá kí i nílé. Ó ní kó wá kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lójú òun. Bó bá yọrí sí rere, kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá yọrí, kó fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀kọ́ wo lẹ fẹ́ gbọ́?" Tíṣà bi í.

"Èyí tó bá wù yín, sà."

"Ìpìlẹ̀ ni màá kọ́ wọn. Ẹni tí ò mọ ìpìlẹ̀, kí ló fẹ́ kọ́ lé e lórí?"

Báyìí ni àtúnyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá ìgbàlejò wọn ló sì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ oníbàárà lórí àga, òwú nílẹ̀ káàkiri. Tíṣà fa tábìlì kan sún mọ́ ọn, ó gba agolo bọ́tìnnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dà á sílẹ̀.

"Pupa ni háídírójìn," ó wí. "Funfun ni ọ́síjìn. Ṣé ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, Bàbá wọn. Ẹ ṣáà má kó bọ́tìnnì oníbàárà mọ́ ọn."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí átọ́ọ̀mù, èyí tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Ó dé orí ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ara wọn mú: háídírójìn ní ọwọ́ kan, ọ́síjìn ní méjì, ìdí nìyẹn tí ọ́síjìn kan fi ń di háídírójìn méjì mú, tí gbogbo rẹ̀ á sì di omi. Ó wá dé orí òfin tó fẹ́ràn jù: iye átọ́ọ̀mù tó bá wọlé náà ló gbọ́dọ̀ jáde, ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ sọnù, ẹyọ kan ò gbọ́dọ̀ lé.

"Bí aṣọ náà ni," ìyàwó rẹ̀ wí. "Iye tí oníbàárà bá kó wá, mo gbọ́dọ̀ rí i nínú ẹ̀wù àti nínú àjákù."

"Áà! Ìwọ gan-an ló yẹ kó ti máa kọ́ wọn!"

Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ á yí mọ́ ọn lẹ́nu. Ó pe èyí tó jókòó sí àárín átọ́ọ̀mù ní orúkọ èyí tó ń sáré yí i ká. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí títí tó fi mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ó gbójú sókè, ó rí bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe ń dán, ó sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Ta ló fẹ́ bá Tíṣà Átọ́ọ̀mù fà á? Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ lọ.

Ọjọ́ pé. Tíṣà wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó wọ kíláàsì bí ẹni pé àná ló kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé jókòó sẹ́yìn, ó ká apá lérí àyà. Ẹ̀kọ́ náà dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tíṣà ní kí àwọn ọmọ dìde, kí wọ́n di átọ́ọ̀mù, kí wọ́n máa di ara wọn lọ́wọ́ mú, ẹ̀rín sì gba gbogbo yàrá. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kọjú sí pátákó. Ó kọ H₂ àti O₂ sápá òsì, ó fa ọfà, ó kọ H₂O sápá ọ̀tún.

"Ọ́síjìn mélòó ló wọlé?"

"Méjì!"

"Mélòó ló jáde?"

"Ọ̀kan!"

"Èkejì ńkọ́? Ṣé olè gbé e ni? Ẹ wò mí." Ló bá fi òǹkà méjì kékeré sí ìdí ọ́síjìn tó wà lápá ọ̀tún. Ó di H₂O₂.

Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ kẹ́mísírì, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Òǹkà ńlá ló yẹ kó fi síwájú, ìyẹn ni pé kí omi di méjì. Òǹkà kékeré tó wà nídìí, a kì í fọwọ́ kàn án, torí òun ló ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Ohun tí Tíṣà kọ yẹn ti kúrò ní omi. Oògùn tó máa ń hó lójú egbò ni. Àṣìṣe tí òun fúnra rẹ̀ kórìíra jù lọ sì nìyí. Ó ti lé ọmọ síta nítorí ẹ̀ rí.

"Méjì wọlé, méjì jáde. Ó dọ́gba àbí kò dọ́gba?"

Bí a bá kà á, ó dọ́gba lóòótọ́. "Ó dọ́gba, sà," àwọn kan kùn ún lábẹ́ imú, àwọn yòókù ń wo tábìlì wọn. Ọmọ wo ló máa dìde sọ fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi àìsàn dìde pé ó ṣì í? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Lẹ́yìn yàrá, ọ̀gá ilé-ìwé tú apá rẹ̀ sílẹ̀.

Bí Tíṣà ṣe máa ń parí ẹ̀kọ́ yìí ni pé yóò gbé ife omi sókè, yóò nawọ́ sí pátákó, yóò sì gbé e mu tán lójú gbogbo wọn. Ó gbé ife. Ó nawọ́.

"Ohun tí mo kọ yìí, òun ni mo fẹ́ mu."

"Ẹ má mu ún o, sà!"

Ọmọbìnrin kan tó jókòó nídìí fèrèsé ló ti fò dìde. Ó fọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà. Èyí tẹ́ ẹ kọ yẹn, á bó yín lọ́fun ni."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà wo ife, ó wo pátákó, ó sì rí i. Ojú tì í. "Jókòó" ti wà lẹ́nu rẹ̀ tán, ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó ju ọmọ yìí lọ. Àmọ́ ó rí i pé ọmọ náà ṣì dúró, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ife náà.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó yàtọ̀ sómi?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Kẹ́ ẹ tó ṣàìsàn."

Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí i. "Wá tún un ṣe." Ọmọ náà nu òǹkà kékeré kúrò, ó kọ méjì ńlá síwájú omi, ó kọ òmíràn síwájú háídírójìn. Gbogbo wọn jọ kà á, ó pé. Ìgbà náà ni Tíṣà mu omi rẹ̀.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Àwọn tó ń lọ ṣèdánwò máa wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin yẹn, sà. Àwọn ọmọ tuntun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà, àwọn tí ò tíì gbọ́ átọ́ọ̀mù rí."

Ó dun Tíṣà dọ́kàn. "Ṣé torí àṣìṣe yẹn ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ká sọ pé ẹ ní kí ọmọ yẹn jókòó ni, ilé ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ máa lọ."

Tíṣà gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́. "Àwọn ọmọ tuntun," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò tíì bà wọ́n jẹ́. Ọjọ́ wo?"

"Mọ́ńdè, sà."

Ó délé, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó fa tábìlì sún mọ́ ẹ̀rọ. "Màmá wọn, jẹ́ ká tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, má wulẹ̀ wojú mi o. Sọ ọ́."

Ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Ṣé tọkàntọkàn lẹ fi sọ ọ́?"

"Tọkàntọkàn ni."

Ó fi eyín gé òwú, ó ká aṣọ oníbàárà sápá kan, ó sì yí àga rẹ̀ kọjú sí i.

"Ó dáa, ẹ sún mọ́bí. Ó ti pọ̀ nínú mi."