Ọjọ́ Tí Gólì Wa Dọ̀bálẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ifọ̀ láti kọ́ni ní ìṣirò, ọ̀gá ilé-ìwé fi fèrè kan lé mi lọ́wọ́, ó ní èmi náà ni tíṣà eré. Mo sọ fún un pé n kò mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tíṣà, èmi nìkan ló lè sáré yí pápá ká láì jókòó sinmi. N kò rò pé ìyẹn tó láti fi yan ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo gba fèrè náà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì.

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ra ìwé kan, mo ń kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń gbà wọlé wa sínú rẹ̀. Kí sáà kan tó parí, mo rí i pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń wọlé jù, nítorí pé Ràsákì, báàkì wa tó wá láti Ibafo, kì í dúró sí ààyè rẹ̀. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá lọ lòun náà ń lọ. Mo na okùn sórí pápá, mo ní kó má kọjá rẹ̀.

Ó wo okùn náà, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ so mí mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ni?"

Mo ní, "Ewúrẹ́ tiẹ̀ máa ń mọ ibi tí okùn rẹ̀ dé."

Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún dí. N kò ní sọ pé okùn nìkan ló ṣe é, nítorí àwọn ọmọ náà ń dàgbà sí i.

Ilẹ̀ tí a fi ṣe pápá yìí kì í ṣe ti ilé-ìwé. Ilẹ̀ ìdílé Bàbá Sàlámì ni, àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tí ọ̀nà oko rẹ̀ gba ẹ̀yìn òpó gólì ìsàlẹ̀ kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ó bá ń bọ̀ láti oko, á ní, "Ẹ kú eré o," á mi orí, á sì máa lọ. Ní ọdún kejì mi, ó ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun máa kọ ebè síbẹ̀, òun máa gbin ẹ̀gẹ́. Kò sí ilẹ̀ mìíràn tó tẹ́jú nítòsí. Bí pápá bá lọ, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa parí nìyẹn.

Èmi àti ọ̀gá lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá gbọ́ wa tán, ó ní ilẹ̀ tó lè bọ́ ilé mẹ́ta ni àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré.

Mo ní, "Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, Bàbá."

Ó bojú wò mí. "Iṣẹ́ wo?"

Ìbéèrè náà dára. Bàbá ní òun máa wá wo ìdíje tí a fẹ́ bá àwọn ọmọ Àgbàdo ṣe, lẹ́yìn rẹ̀ lòun máa sọ̀rọ̀.

Nígbà náà ni mo dá ọgbọ́n kan. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé láti ọjọ́ yẹn lọ, bí Bàbá bá ti ń kọjá, kí ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù fi ohunkóhun tó ń ṣe sílẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí Bàbá lè mọ̀ pé ilé-ìwé kò ba ẹ̀kọ́ ilé jẹ́. Músílíù, gólì wa, ló sún mọ́ ọ̀nà jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé bí Bàbá bá wúkọ́ lásán, ó ti wà nílẹ̀. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ìkíni ti dára.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, àwọn ará Àgbàdo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú agolo òfìfo tí wọ́n ń lù. Ìròyìn pé Bàbá fẹ́ kọ ebè sí pápá ti dé etí wọn. Ọ̀kan nínú wọn pariwo sí wa pé, "Ẹ̀yin ará Ifọ̀, ṣé ebè la máa gbá bọ́ọ̀lù lé lórí ni?" Akọ̀wé kan ní ibùdókọ̀ ojú irin ni rẹfirí. A gbé àga sílẹ̀ fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n nígbà tí fèrè dún, òfìfo ni àga náà wà.

Àgbàdo kọ́kọ́ gbá a wọlé. Lẹ́yìn ìsinmi, Ràsákì dúró ní ààyè rẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó gbá a gùn lọ bá wíngà wa lápá òsì. Ìyẹn sáré kọjá ẹni méjì, ẹsẹ̀ lásán ló fi gbá a, bọ́ọ̀lù sì kọjá lábẹ́ apá gólì wọn. Ó di ọ̀mì. Ọ̀gá ilé-ìwé ju fìlà rẹ̀ sókè. N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì tíì tún rí i. Èmi tí mo máa ń dúró jẹ́ẹ́, mo bá ara mi nínú pápá, rẹfirí sì ń lé mi jáde.

Ó kù díẹ̀ kó parí. Ọmọ Àgbàdo kan ta bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, kò sì lágbára rárá, ó ń yí bọ̀ nílẹ̀ ni. Músílíù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e. Ìgbà yẹn gan-an ni ikọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Sàlámì ló ń bọ̀ láti oko, ọkọ́ léjìká.

Ó ní, "Ẹ kú eré o."

Músílíù yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú àbọ̀, Bàbá." Bọ́ọ̀lù rọra yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọlé, ó sì lọ dúró níwájú Bàbá.

Ẹ̀rín pa àwọn ará Àgbàdo débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀. Mo sáré bá rẹfirí. Ó ní kò sí òfin tí òun mọ̀ tó dárúkọ ìdọ̀bálẹ̀, nítorí náà ó ti wọlé. Bàbá bi wá léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ràsákì ní, "Nítorí yín ni wọ́n ṣe gbá a wọlé wa, Bàbá. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ kó lè kí yín."

Mo sọ fún Bàbá pé ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Músílíù ṣì wà nílẹ̀, ó ń sunkún. Bàbá sọ ọkọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tó ru igi bọ̀ láti oko, ṣé ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi? Ẹnu ló fi ń kí mi, mo sì ń gbà á, nítorí mo rí ẹrù lórí rẹ̀. Ọmọ yìí ru ẹrù, èmi ni n kò rí i." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù fún Músílíù. "Dìde. Bí mo bá tún kọjá, má wò mí."

Ìṣẹ́jú tó kù, àwọn ọmọ náà sáré bí ẹni tí iná ń lé. Ràsákì pàápàá fi okùn inú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀, n kò sì pè é padà. Ó gbá bọ́ọ̀lù kan tó ba òpó, a gbọ́ ìró igi náà káàkiri pápá. Lẹ́yìn náà ni fèrè dún. Wọ́n na wá ní méjì sí ẹyọ kan.

Àwọn ọmọ wa jókòó sílẹ̀ ní àárín pápá. Bàbá Sàlámì rìn wọ àárín wọn. Wọ́n fẹ́ dìde láti dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n jókòó.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀gá di apá mi mú, ó fún un pọ̀. Kò sí ẹni tó tún bi Bàbá ní nǹkan kan nípa ilẹ̀ náà. Nígbà tí òjò rọ̀, òdìkejì ọ̀nà ló kọ ebè sí.

Ó ti wá ń jókòó lẹ́yìn òpó gólì ìsàlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọjá, á ní kó dúró títí bọ́ọ̀lù á fi lọ sí ìhà kejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gba ibẹ̀ lọ bá Músílíù sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ń dúró. N kò tíì lanu tán tí mo fi gbọ́ ikọ́ náà.

"Tíṣà, kúrò níbẹ̀. Ṣé o kò rí i pé ọmọ wà lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Músílíù kò wẹ̀yìn. Mo tọrọ àforíjì, mo sì gba ọ̀nà mìíràn yí pápá ká.