Àgùàlà Tí Mo Pè Ní Méjì

Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó gba oko lọ, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè mi ní gbogbo oko tó wà lẹ́yìn Ìkéré. Kò sí ẹni tí kòkó rẹ̀ ń gbẹ bíi tèmi, kò sì sí ẹni tó mọ ìràwọ̀ tó mi. Aago kì í jí mi. Bàbá mi ló kọ́ mi pé bí àgùàlà bá ti yọ ní ìdájí, àkókò oko tó. Èmi àkọ́bí ló kọ́. Àbúrò mi ṣì ń mu ọmú nígbà náà.

Àbúrò mi yìí ló wá di olùkọ́ ní yunifásítì. Ìmọ̀ ìràwọ̀ ló fi ń jẹun. Bí mo bá ní kò dùn mí, irọ́ ni mo pa.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màmá wa ń gbé, iṣu mi ló ń jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti kó kòkó kúrò lórí sìmẹ́ńtì tí a ń sá a sí, yóò jókòó síbẹ̀, yóò ní, "Ọkọ mi, èwo nìyẹn?" Èmi yóò sì dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín in.

Lọ́dún kan, bí òjò ti ń kásẹ̀, àbúrò mi gbé awò gígùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wálé, ó gbé e sáàárín sìmẹ́ńtì mi. Ó ní kí Màmá wá wo àgùàlà. Màmá fi ojú kan mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó rí bí oṣù tuntun," ó ní. "Ọmọ mi, bàbá yín ò rí èyí kó tó lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú dáadáa, àbúrò mi na ọwọ́ sí funfun tó tàn kálẹ̀ lójú ọ̀run bí èlùbọ́ tó dà. Ó ní agbo ìràwọ̀ tiwa nìyẹn, pé irú agbo bẹ́ẹ̀ kò lóǹkà. Ó ní oòrùn náà ìràwọ̀ kan péré ni, yóò sì jó tán lọ́jọ́ kan.

"Níbo la ó ti wá máa sá kòkó?" ni Màmá bi í. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Sọ fún Màmá pé méjì ni àgùàlà. Ti ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ, ti ìdájí ni ìyàwó. Bí ìyàwó ò bá yọ, ó re ilé bàbá rẹ̀ ni."

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ọ̀kan ni. Ayé mìíràn tó ń yí oòrùn po bíi tiwa ni. Bó bá fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀, ìdájí ni yóò ti yọ. Ẹ ò ní rí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà."

"Bí mo bá rí i ńkọ́?"

"Màá wá dọ̀bálẹ̀ fún yín níwájú Màmá."

"Mo gbọ́ o," ni Màmá wí. "Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Àbúrò mi padà sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí mi ò jáde, kò sí ìdájí tí mi ò dìde. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ń wù mí ju òjò lọ. Àgùàlà ń rẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́, títí mi ò fi rí i mọ́. Ìdájí náà ṣófo. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, mo rí i ní ìlà-oòrùn, ó ń tàn bí àtùpà. Mo dúró de ìrọ̀lẹ́. Kò sí nǹkan kan. Mo dúró lọ́jọ́ kejì, mo dúró lọ́jọ́ kẹta.

Bí Màmá bá bi mí, mo ní ọyẹ́ ló bo ojú ọ̀run. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ọkọ mi, ojú mi ò tíì fọ́. Ọyẹ́ ọ̀hún dà?"

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù níwájú rẹ̀. "Ọ̀kan ni," ni mo wí. Ó korò lẹ́nu mi. "Àmọ́ ojú ara mi ni mo fi rí i. Ìwọ, inú ìwé lo ti rí i."

"Òótọ́ ni, Bọ̀dá mi. Mi ò ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ wo lẹ rí i kẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú bírò."

"Dá a lóhùn," ni Màmá wí. "Ìwọ ló ń bi."

Mo ka àwọn ọjọ́ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ṣi ọ̀kan kà. Bí mo ti parí ni Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó bi í ìgbà tó ń bọ̀ wá sílé. Káàdì tèmi ni wọ́n ń lò. Mo jókòó, mò ń wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín sí i, mi ò sì gba fóònù náà padà.