Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Hájíà Sá Lọ ní Brugge

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì wa ní Brussels. Èmi àti Hájíà ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbá tán nínú yàrá ni Àlàájì Rájí bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá, bí ọ̀gá tó ń jí àwọn ọmọ iléèwé. Bọ́ọ̀sì ńlá tó háyà fún wa ti wà níta. Brugge là ń lọ, ìlú àtijọ́ kékeré kan ní apá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Flemish ní Belgium. Ọjọ́ kejì la máa padà sí Kumasi, nílé wa ní Ghana.

Oníṣòwò láti Adum, àárín ọjà Kumasi, ló pọ̀ jù nínú wa. Ọjà àgbáyé kan tí wọ́n pàtẹ ní Brussels la wá wò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Hájíà. Ó ti ń ta léèsì ní Adum kí wọ́n tó bí mi, èmi náà sì ń bá a tà á láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì tí iṣẹ́ kò yọjú. Lọ́dún tó kọjá, dókítà sọ fún un pé àìsàn kan ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ wá, pé oògùn lè fà á sẹ́yìn ṣùgbọ́n kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Hájíà kò sunkún. Ó ní òun fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ hun léèsì kí ojú òun tó lọ tán. Wọ́n ń hun ún ní Brugge. Àlàájì Rájí, tó máa ń kó àwọn oníṣòwò lọ sí ìlú òyìnbó, ṣèlérí pé a máa débẹ̀. Ìlérí yẹn ló mú Hájíà sanwó. Ọjà Brussels kò kàn án rárá.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó máa lọ. Lọ́jọ́ tí a balẹ̀ sí Belgium, kí a tó rí ẹrù wa gbà, Àlàájì ti gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo wa. Ó kó wọn sínú àpò dúdú kan tó gbé kọ́ àyà. Ó ní bí ẹnì kan bá sá lọ, wọn kò ní fún ẹgbẹ́ òun ní físà mọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Mo mọ ẹnì kan ní Asawase, àdúgbò wa ní Kumasi, tó bá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ tí kò padà. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó yẹ ìwé wa wò ní pápákọ̀ òfuurufú dá a padà sí wa lọ́wọ́. Ará wa ló tún gbà á.

Ọ̀nà Brugge tẹ́jú débi pé omi inú ike mi kò mì. Awakọ̀ wa, òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Dirk, fi ẹ̀rọ kan hàn mí níwájú rẹ̀ tó ń ka gbogbo wákàtí tó bá fi wakọ̀. Bó bá wà á kọjá bó ṣe yẹ láìsinmi, ẹ̀rọ náà á tú u fó fún ìjọba. Àwọn awakọ̀ tiwa láti Kumasi sí Accra, obì àti orin ni wọ́n fi ń lé oorun.

Bọ́ọ̀sì ńlá kì í wọ àárín Brugge. Ẹ̀yìn ìlú ni Dirk já wa sílẹ̀, ó sì dá àkókò tí a máa padà fún wa. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo òpópónà, ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, omi sì gba àárín àwọn ilé kọjá bíi títì. Ọ̀dùnkún díndín, tí wọ́n ń pè ní friet, yúrò márùn-ún ni ìwọ̀n kékeré rẹ̀. Owó yẹn á ra wàákyé, ìrẹsì tí wọ́n bá ẹ̀wà sè, fún èèyàn mẹ́ta ní Asawase. A sanwó kí a tó wọ ilé ìtọ̀. Ìyẹn kò yà wá lẹ́nu, à ń san án nílé náà.

Àlàájì kó wa wọ ilé ìtajà ṣokoléètì kan, ó tún kó wa wọ òmíràn. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti kọfí, àpò náà lórí itan rẹ̀. Dirk ti sọ fún wa pé ọ̀sán nìkan ni àwọn ahunléèsì máa ń jókòó sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀sán sì ti ń lọ.

"Àlàájì," ni Hájíà wí, "ọ̀dọ̀ àwọn ahunléèsì ńkọ́?"

"Hájíà, ó jìnnà."

"Kò jìnnà," ni mo sọ. Mo ti wò ó lórí fóònù. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni a máa gbà."

"Àwọn tó kù ò fẹ́ lọ. Ká jọ lọ, tàbí ká má lọ."

"Kí wọ́n jókòó o," ni Hájíà wí, ó di ọwọ́ mi mú. "Èmi àti Ràmá á lọ, a ó bá yín nídìí bọ́ọ̀sì."

Àlàájì rẹ́rìn-ín. "Hájíà, bí àwọn tó ń sá ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn ń lọ wo nǹkan."

Antí Àdíjà, tó ń ta bàtà ní Adum, pariwo mọ́ ọn ní èdè Twi, "Alhaji, gyae!", pé kó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá ẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ yẹn!"

Ọkùnrin kan láàárín wa ní, "Ẹ fi Màmá sílẹ̀, bóyá ó ti rí ọkọ òyìnbó."

"Ìwọ ni kó o lọ wá ìyàwó," ni Antí Àdíjà dá a lóhùn, "tiẹ̀ ti kọ̀ ẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hájíà kò rẹ́rìn-ín.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Lọ́jọ́ yẹn, mo na ọwọ́. "Àlàájì, ẹ fún wa ní pásípọ́ọ̀tù wa."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpò náà mú. "Ó di Accra."

"Fi í sílẹ̀ fún un, Ràmá," ni Hájíà wí. "Ojú mi ò sí nínú àpò ẹ̀." Ó ti ń lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Nínú ilé àwọn ahunléèsì, àwọn ìyá arúgbó jókòó, tìmùtìmù líle lórí itan wọn, abẹ́rẹ́ gún un káàkiri. Okùn tín-ín-rín wà lára àwọn igi kéékèèké, wọ́n ń ju igi náà síra wọn, ó ń dún bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù. Ọ̀kan nínú wọn rí bí Hájíà ṣe ń fún ojú, ó sì fa iná rẹ̀ sún mọ́ ọn. Hájíà tẹ̀ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn.

"Bi í pé bí okùn bá já ńkọ́?"

Mo bi í ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá náà ní òun á so ó, òun á sì máa gbàdúrà kí ẹni tó rà á má rí i. Hájíà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Sọ fún un pé bí èmi náà ṣe ń ṣe ní Adum nìyẹn." Ó tún wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo ti rí i. Ká lọ."

Dirk nìkan la bá nídìí bọ́ọ̀sì, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó yà á lẹ́nu. "Ọ̀gá yín pè mí, ó ní ẹ ti sá lọ. Ó ti kó gbogbo wọn jáde láti wá yín."

Hájíà ra friet, ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi dé, òógùn ti bò wọ́n, àkókò tí a dá ti kọjá, Dirk sì ń na ìka sí ẹ̀rọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní nítorí Hájíà ni òun kò fi wọ ọkọ̀ ojú omi. Àlàájì kò bẹ̀bẹ̀. Ó ka orí wa. Ó ka ti Hájíà lẹ́ẹ̀mejì.

Lójú ọ̀nà ni Antí Àdíjà fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Àlàájì ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwọn oníṣòwò Kumasi: "Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ Hájíà pé ìyá wọn ti sá mọ́ wa lọ́wọ́, òun àti Ràmá." Mo wo aago tó wà lára ohùn náà. Nígbà tó fi í ránṣẹ́, àkókò tí a dá láti padà sídìí bọ́ọ̀sì kò tíì tó. Inú bí mi gan-an.

Àlàájì dá pásípọ́ọ̀tù padà fún wa ní Accra, bí ẹni ń ta wá lọ́rẹ. Nígbà tí a dé Asawase, ìròyìn náà ti dé ṣáájú wa. Mo rò pé àwọn ará àdúgbò á bá wa bínú sí Àlàájì. Aládùúgbò wa kan di Hájíà lọ́wọ́ mú, ó ní, "Kí lẹ tún padà wá ṣe?" Wọ́n ti kí àwọn ọmọ rẹ̀ kú oríire. Ojú àánú ni wọ́n fi ń wò wá. Kò sẹ́ni tó gbà pé obìnrin kan lè lọ sí ìlú òyìnbó torí kó lè wo okùn.

Màlámù àdúgbò wa ní ká dárí ji Àlàájì, pé ó ń bẹ̀rù nítorí gbogbo wa ni. Mo ti gbé ìyẹn náà yẹ̀ wò. Mo gbà pé àwọn kan ti sá rí, mo sì gbà pé ẹ̀rù ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà kọ́kọ́ máa ń wo aago. Ó pa ohùn náà rẹ́ lórí Wásáàpù, kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò yìí ni pé ibi tí wọ́n ti fura sí mi jù ní Europe ni inú bọ́ọ̀sì tó kún fún ará ilé mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àlàájì wá sí ṣọ́ọ̀bù wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó tún fẹ́ kó ẹgbẹ́ kan lọ, àwọn tó ń fúnni ní físà sì ń béèrè ẹ̀rí pé àwọn tó kó lọ tẹ́lẹ̀ padà wálé. Ó fẹ́ kí Hájíà bá òun lọ síwájú wọn ní Accra. "Hájíà mi," ló wí, "ẹ̀yin gan-an lẹ̀rí wa."

Hájíà ń fi ọwọ́ tọ etí léèsì kan fún oníbàárà. Kò gbé orí sókè.

"Lọ sọ fún wọn pé mo ti sá."