Adé Lórí Múrítàlá

Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n ti ba eré orí ìtàgé jẹ́, kó wá bi mí léèrè nípa àbúrò mi, Múrítàlá. Káfíńtà ni, nílùú Ọ̀wọ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré wa, ẹ̀ṣọ́ ààfin la sì máa ń fi í ṣe, torí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tẹlifíṣọ̀n ìjọba wá ya eré wa ní gbọ̀ngàn ìlú. Àìsàn dá ẹni tó máa ń ṣe ọba dùbúlẹ̀, la bá gbé adé lé Múrítàlá lórí. Ló bá ń pariwo kí ará ẹ̀yìn lè gbọ́, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe.

Ẹni tó ń ya fíìmù ní, “Kábíyèsí, ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ̀rọ á gbọ́.”

Múrítàlá rẹ ohùn sílẹ̀. Orí mi wú. Ọba kì í kúkú pariwo! Ogún ọdún la fi ń ṣì í ṣe.

Nígbà tí wọ́n gbé eré náà jáde, gbogbo ilé péjọ. Bí adé ṣe yọ, màmá wa kúnlẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n.

“Màmá, èmi mà ni!” Múrítàlá sáré dìde láti gbé wọn.

“Mo mọ̀. Ṣebí èmi ni mo bí ọ. Adé ni mò ń kí.” Màmá wò ó tìbínú-tìbínú. “Ọba ń sọ̀rọ̀, ìwọ wà lórí ìdúró?”

Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ara rẹ̀.